Òkè Sìmẹ́ńtì Lójú Àlejò

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ohun tí ojú wọn rí. Àlejò wọlé dé nírọ̀lẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ kò lẹ́ran nínú, baálé ilé bá yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá aládùúgbò, ó yá àkùkọ kan, ó sì padà wá jókòó bí ẹni tí adìyẹ kún àgbàlá rẹ̀. Àlejò jẹ, ó yó, ó súre, ó lọ. Kí ìrì òwúrọ̀ tó gbẹ, aládùúgbò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Àkùkọ mi ńkọ́?" Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkùkọ kan ṣoṣo ni. Ọjà kẹta kò ní pé kí gbèsè náà tó tán.

Ohun tí àwọn baba wa kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí baálé ilé yóò yá òkè, tí yóò yá ìtàn, tí yóò yá omijé ìyá ìyá rẹ̀, kí àlejò lè rí nǹkan yà ní fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Kèrè kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Kèrè jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́wàá tó wà lábẹ́ Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè. Láti Kútọnu, nǹkan bí kìlómítà 200 ni. Ibẹ̀ ni títì ńlá ti yà sí méjì: ọ̀kan kọrí sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakú, èkejì kọrí sí Savalú títí dé Natitingú. "Zoumè" tó wà lẹ́yìn orúkọ náà, èdè Fọ̀n ni, "inú igbó" ló túmọ̀ sí. Igbó Ìdáàṣà náà ni àwọn onílẹ̀ ń pè é. Síbẹ̀, igbó kọ́ ni ojú àjèjì máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Àpáta ni. Àpáta dúdú gbàgìdì gbàgìdì, òmíràn bí ẹ̀yìn erin tó dùbúlẹ̀, òmíràn bí ìyá tó pọn ọmọ. Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ní ó yí ìlú náà ká. Mi ò tíì rí ẹni tó kà wọ́n délẹ̀. Ọ̀kànlélógójì kì í ṣe nọ́ńbà oníṣirò níbẹ̀. Òun ni à ń pè nígbà tí nǹkan bá ti pọ̀ débi tí kíkà sú wa.

Tí oṣù kẹjọ ọdún bá ti wọlé, àwọn Kátólíìkì á máa ya dé láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀, láti Tógò, láti Nàìjíríà, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ Màríà Arigbo ní ẹsẹ̀ òkè. Ẹ wo bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe fọgbọ́n ṣe é. Wọ́n bá àpáta níbi tó wà, wọ́n gbé ère Màríà sí ìdí rẹ̀ bíi ti Lourdes nílẹ̀ Faransé, wọ́n ní kí ènìyàn máa wá gbàdúrà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dá àpáta mìíràn tì í kó lè lẹ́wà sí i. Ère kan àti òkúta tí Ọlọ́run dá, òun ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀.

Ibi tí wọ́n máa sùn ló di wàhálà. Òtẹ́ẹ̀lì wà, ilé àlejò kéékèèké wà, ṣùgbọ́n níjọ́ tí èrò bá dé tán, ta ló fẹ́ gba gbogbo wọn? Ẹlòmíràn tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ẹlòmíràn fi apá ṣe ìrọ̀rí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde pé ó yẹ ká kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí i, ọlọ́gbọ́n ni. Kíkọ́ ilé kì í dá ìjà sílẹ̀. Aṣọ tí ilé náà máa wọ̀ ló ń dá a.

Àwọn Amẹ́ríkà ló sọ wíwọ òtẹ́ẹ̀lì láṣọ di iṣẹ́ ṣíṣe. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971 tí Disney ṣí ọgbà ìṣeré ńlá rẹ̀ ní Flọ́rídà, òtẹ́ẹ̀lì méjì ló bá a ṣílẹ̀kùn: ọ̀kan múra bí erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, èkejì múra bí ọ̀la tí kò tíì dé, ọkọ̀ ojú irin orí òpó sì ń gba inú ikùn rẹ̀ kọjá. Mi ò bá wọn wí. Àbàtà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n rà níbẹ̀. Bí àlejò bá ṣí fèrèsé, kí ló fẹ́ rí? Ẹni tí kò ní òkè ló ń mọ òkè.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó fẹ́ràn ọgbà náà ti ń jiyàn, wọn ò sì tíì simi. Apá kan ní kí aṣọ eré bo òtẹ́ẹ̀lì látorí dé àtàǹpàkò, kí kọ́kọ́rọ́, aṣọ ìbora, títí dórí ọṣẹ ìwẹ̀, máa ṣe eré kan náà. Apá kejì ní àwọn ti rìn nínú oòrùn látàárọ̀, ọmọ ń sunkún, ẹsẹ̀ ti wú, bẹ́ẹ̀dì àti omi gbígbóná làwọn ń wá, kí eré dúró síta. Tí ẹ bá bi mí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wíwú wọ̀nyí ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ti apá kìíní ní òwe tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ní: aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn.

Aṣọ ọ̀hún a sì máa gorí aṣọ. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń gbé Parí á mọ Hotel Cheyenne, ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ọgbà Disney ti ìhà ibẹ̀ ní oṣù kẹrin 1992. Yàrá 1,000 ló ní, wọ́n to àwọn ilé rẹ̀ jọ bí ìlú àwọn darandaran Amẹ́ríkà ayé àtijọ́. Ìlú darandaran inú sinimá ni o, ẹ má ṣì í mú fún ti òótọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún yàrá ṣe, wọ́n kó Woody wọlé, ọmọlangidi darandaran inú fíìmù Toy Story. Ẹ jẹ́ kí n ki oríkì ìdílé náà fún yín: darandaran bí sinimá, sinimá bí òtẹ́ẹ̀lì, òtẹ́ẹ̀lì wá gba ọmọlangidi ṣọmọ. Màlúù nìkan ni kò sí nínú ẹbí.

Èyí tó wọṣọ jù nínú gbogbo wọn ni Disney ṣí ní Flọ́rídà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta 2022. Wọ́n pè é ní Star Wars: Galactic Starcruiser, ọkọ̀ tó ń rin àárín ìràwọ̀. Yàrá 100 péré. Òru méjì ni àlejò ń lò níbẹ̀ nígbà náà, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ẹni méjì tó bá pín yàrá kan máa ń san nǹkan bí dọ́là 4,800. Àlejò kì í gba ilẹ̀kùn wọlé bí ọmọ ènìyàn; wọ́n á kó o sínú yàrá kan tó ń mì, wọ́n á ní ó ti gòkè lọ sí òfúrufú. Kò sí fèrèsé. Gíláàsì tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi dípò fèrèsé, ìràwọ̀ ayédèrú ń ré kọjá lójú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Tí ẹ bá bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nígbà náà pé ọ̀nà wo ló lọ sí Orlando, ìlú tó wà nítòsí, á wò yín bí ẹni tí orí yín dà rú.

Àgbàlá kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò lórùlé, kí àlejò lè jáde gba afẹ́fẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣàlàyé ojú ọ̀run fún ẹni tí wọ́n ti ní ó wà láàárín ìràwọ̀? Wọ́n sọ àgbàlá náà ní ẹ̀rọ tó ń ṣàfarawé ojú ọjọ́. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Oòrùn gidi, èyí tó ń mú èlùbọ́ wa gbẹ, wọ́n pè é ní ayédèrú, kí irọ́ tó yí i ká má bàa tú. Àwọn tó débẹ̀ ní ó dùn, inú ọ̀pọ̀ wọn dùn dé egungun, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n tì í pa. Oṣù mọ́kàndínlógún ló lò láyé. Òwe wa yí sódì níbẹ̀: àlejò ló jẹ gbèsè lójú onílé, báńkì ló sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àlejò láàárọ̀ pé, "Àkùkọ mi ńkọ́?"

Èyí tó kan ilẹ̀ wa jù ni Animal Kingdom Lodge, òtẹ́ẹ̀lì Disney tó wọ aṣọ Áfíríkà láti 2001. Peter Dominick ló yàwòrán rẹ̀. Ó tẹ ilé náà kọdọrọ bí ọgbà ẹran, ó sì fi ọ̀dàn sí àárín, àgùnfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onílà ń jẹko níbẹ̀. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgùnfọn wọ́n ju èyí tó kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ. Ẹ fetí sí ìyẹn dáadáa. Gbogbo gbígbẹ́ igi àti kíkun ògiri yẹn, fèrèsé ni wọ́n ń tà.

Nínú gbọ̀ngàn ìgbàlejò rẹ̀ ni Ijele, egúngún ńlá àwọn Ìgbò, dúró sí, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. UNESCO kọ Ijele sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2009. Nílé rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló ń fi oṣù mẹ́fà pèsè fún un, ó sì ń pẹ́ gan-an kí ó tó jáde. Ẹni tó bá rí i á ròyìn fún ọmọ ọmọ. Ní Flọ́rídà, ojoojúmọ́ ló ń wo ẹni tó ń fa àpótí lọ gba kọ́kọ́rọ́. Egúngún tí kì í wọ ìgbàlẹ̀ mọ́, ṣé egúngún ṣì ni, àbí òṣìṣẹ́? Kí n má parọ́ ṣá: àwọn tó tọ́jú iṣẹ́ ọnà síbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ ju ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tiwa lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbé fọ́tò òkè oníyìnyín ilẹ̀ Switzerland kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì, tí òkè gidi sì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Nílé wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ rí òtẹ́ẹ̀lì tó wọ aṣọ ara rẹ̀, kó lọ sí Ikegun ní Ibẹju-Lẹ́kkí, níbi tí Wanle Akinboboye ti dá La Campagne Tropicana sílẹ̀ ní 1984. Koríko lórí òrùlé, igi àti ọparun, òkun níwájú, omi ọ̀sà lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn olówó Èkó ń wá gíláàsì àti mábù, ó ní àhéré ni òun máa fi gbàlejò. Ní ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀, lágbègbè Bukumbé, àlejò lè sùn lórí òrùlé tata, ilé alámọ̀ tó dà bí odi, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Koutammakou. UNESCO ti kọ apá ti Tógò sílẹ̀ láti 2004, ó fi ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní 2023. Ilé náà kò wọ aṣọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀tá má bàa rí wọn kó lóru ni, àlejò kàn wá bá a níbẹ̀.

Ní Wídà, ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá le. Létí òkun ibẹ̀, Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ ti dúró láti 1995, níbi tí ọ̀nà àwọn ẹrú, nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú, ti parí sínú iyanrìn. Ẹnubodè kan ni, afẹ́fẹ́ òkun ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá débẹ̀ á pa ẹnu mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó dákẹ́. Ìjọba Patrice Talon, tó gorí àlééfà ní 2016, gbé iṣẹ́ ńlá dìde ní tòsí rẹ̀: ọgbà ìrántí, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn bíi ti àwọn tó ń kó ẹrú, àti òtẹ́ẹ̀lì.

Kí wọ́n kan ọkọ̀. Ọmọ tó bá wọ ikùn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó rí bí wọ́n ṣe ń to ènìyàn bí ẹja gbígbẹ, yóò mọ ohun tí tíṣà kò lè fi ẹnu sọ. Kí wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, nítorí ará Bàhíà tàbí Haiti tó wá wá ilé baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn síta. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọlọ́pọlọ pípé kan tí kò tíì dé, tí mo sì mọ̀ dájú pé ó ń bọ̀. Yóò ní ó yẹ kí yàrá bá ọkọ̀ mu. Pákó dúdú lára ògiri. Okùn nípọn fún fìtílà. Ẹ̀wọ̀n kékeré kan fún ẹwà, kékeré ni, kò ní í hàn púpọ̀. Nínú báà, ọtí aládùn kan tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ létí ife. Níbẹ̀ ni a ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ àkùkọ pátápátá. Nílẹ̀ yẹn, ilé tí ènìyàn máa sùn sí gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò: ògiri funfun, bẹ́ẹ̀dì, omi mímu, fèrèsé tó kọjú sí òkun. Òkun yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ohun tó wà níta bá ṣe tóbi tó ni ó yẹ kí ilé ṣe dákẹ́ tó, ìlànà tí mo ní kò ju ìyẹn lọ, mi ò sì kọ́ ọ ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọkàn dá ìpàdé kan sílẹ̀ ní Kèrè, lábẹ́ igi, níbi tí a ti ń rí òkè láìgbé orí sókè púpọ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí ayé ṣe ń lọ yìí, ó kù díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti Kútọnu, ẹnu bàtà rẹ̀ rí ṣóńṣó, kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ ni, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìgbàlejò lókè òkun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àwọn àgbà, a kò lè fi ìyẹn dù ú. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, àwòrán yọ: Òtẹ́ẹ̀lì Òkè Mọ́kànlélógójì.

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ihò àpáta tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ. Òkè sìmẹ́ńtì mọ́kànlélógójì wà nínú ọgbà, wọ́n kà wọ́n dáadáa, gílóòbù sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Láti orí èyí tó ga jù, omi ń ṣàn wálẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fà padà sókè.

Bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀ tẹ́ orí síwájú. "Kí lèyí, ọmọ mi?"

"Òkè ni, Bàbá."

Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo òkè. Ó padà wo kọ̀ǹpútà. "Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí ńkọ́?"

"Bàbá, èyí tó wà lẹ́yìn yín kò ṣeé darí. Àlejò lè yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Alángbá wà níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á dúdú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á funfun. Tiwa máa ní àwọ̀ kan náà látọdún dọ́dún."

Ìyá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń fi òòlù fọ́ òkúta tà fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ó nu eruku lójú. "Níbo lẹ ó ti rí òkúta tí ẹ ó pò mọ́ sìmẹ́ńtì náà?"

Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà tàn. "Ọwọ́ yín náà la ti máa rà á, Ìyá! Ará ìlú ló máa jèrè."

"Ó yé mi," ni Ìyá wí. "Àá fọ́ òkè, kí ẹ lè fi mọ òkè."

Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ti gbà á wọlé. Ni ó bá fọwọ́ yí àwòrán kejì jáde, èyí tó fẹ́ràn jù. Àwọn obìnrin tó máa gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ̀ wọ́n láṣọ: ìlẹ̀kẹ̀ lórí, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ìbọn léjìká. Agojie ni, àwọn obìnrin ológun ìjọba Dànhòmẹ̀ àtijọ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Amazone. Ó ṣàlàyé pé àlejò ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 30 oṣù keje 2022 ni ìjọba ṣí ère Amazone ní Kútọnu, ó ga ní mítà 30. Lọ́dún yẹn kan náà ni Hollywood gbé fíìmù wọn jáde. Ẹni tó bá wá sí Bẹ̀nẹ̀, òun ni ó ń wá. Kí la fẹ́ fi pamọ́ fún un?

Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọmọ mi, o mọ ohun tó gbé àwọn baba wa gun orí òkè?"

"Ogun ni, Bàbá. Ẹ ti sọ ọ́ fún wa."

"Ogun ta ni?"

Ó dákẹ́. Ó wo àwòrán rẹ̀. Ó tún wo òkè.

"Àwọn tó o fẹ́ kí wọ́n kí àlejò káàbọ̀ yìí ni."

Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí inú ọ̀rọ̀ yìí ni gbèsè tòótọ́ wà. Ìtàn ilé ọba Ìdáàṣà ní láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin, baba ńlá wọn, ti wá. Àwọn ará Abẹ́òkúta á mọ ohun tí Bàbá ń sọ láìṣàlàyé: Dànhòmẹ̀ kọlù wọ́n ní 1851, ó tún padà wá ní 1864, àwọn obìnrin ológun náà sì wà níwájú. Kétu kò rí òkè sá gùn. Ó fọ́ lọ́wọ́ Dànhòmẹ̀ ní 1886. Àwọn Ìdáàṣà rí òkè. Ohun tó sọ àwọn àpáta wọ̀nyí di ilé nìyẹn. Abomey, olú ìlú Dànhòmẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti yangàn pẹ̀lú àwọn akọni rẹ̀, ère Kútọnu sì lè dúró síbi tó wà, ìlú ńlá ní àyè fún ìtàn gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí aṣọ eré ń ṣe nìyí: ó ń mú orílẹ̀-èdè kan tó ní èdè púpọ̀, ó ń rán ẹ̀wù kan ṣoṣo fún un, ó sì ń wọ ẹ̀wù ẹni tó ń léni fún ọmọ ẹni tí wọ́n lé. Àlejò lójú, kò fi ríran. Yóò ya fọ́tò, yóò dúpẹ́, yóò wọkọ̀. Ta ni yóò wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Ẹni tó yẹ kó kàn án ti kú ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, wọ́n sin ín sórí òkè lọ́hùn-ún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ó kàn kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọn ò ti ní òkè ni, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ti gbọ́dọ̀ rà á. Ó béèrè ìbéèrè tó tọ́: "Bàbá, bí a kò bá wọ̀ ọ́ láṣọ kankan, kí ló máa jẹ́ kí àlejò yan tiwa ju ti ẹlòmíràn lọ? Ṣé ilé onígun mẹ́rin, òrùlé páànù, tí ó jọ gbogbo ilé tó wà láàárín ibí àti Parakú?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn kíákíá, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ilé tí kò jọ ibì kankan náà ń ṣeré tirẹ̀: ó ń ṣe bí ẹni pé òun wà ní ìlú tí kò ní orúkọ. Mo ti sùn nínú irú rẹ̀ rí. Mo jí lóru, mi ò mọ ìlú tí mo wà títí mo fi gbọ́ èdè ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ìyá olókùúta ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní bí wọ́n bá fi òkúta inú ilẹ̀ náà mọ ògiri, ilé yóò tutù lọ́sàn-án, àti pé kí wọ́n bi àwọn bíríkìlà tó ti darúgbó. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n máa gún iyán láàárọ̀, iyán gidi, kí àlejò máa gbọ́ ìró odó ká tó pè é wá jẹun. Ẹnì kan ní ìró odó yóò jí àwọn Òyìnbó lójú oorun, ẹnì kan ní kí ló bá wọn wá. Wọ́n jà lórí odó fún bí ìdajì wákàtí. Ẹnì kan ní kí ọmọ ilé ìwé máa mú àlejò gòkè, kó máa sọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin ní ẹ̀rọ agbénigòkè dára jù, irú èyí tó wà ní òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n bi í pé ṣé ẹ̀rọ náà mọ orúkọ òkè.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ti kọ ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ kún. Òkè sìmẹ́ńtì ti ku mẹ́rin. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé láti máa yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí wọn, wọ́n sì gbà, nítorí ọmọdé gbọ́dọ̀ ṣeré. Àwọn Agojie ti lọ pátápátá.

"Fèrèsé ńkọ́?" Bàbá bi í.

Ó yẹ àwòrán wò. Gbogbo yàrá ló kọjú sí àárín ọgbà, sí àwọn òkè sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yìn wọn ló kọ sí òkè tó wà níta. Kò sọ nǹkan kan. Ó yọ báírò, ó fa ìlà sí ògiri ẹ̀yìn yàrá kìíní, ó fa èkejì, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti yàrá dé yàrá.

"Ó ti ṣe, Bàbá. Gbogbo wọn ti kọjú sí òkè."

Bàbá sún mọ́ ọn, ó wò ó fínnífínní bí ẹni tó mọ àwòrán ilé kà. "Fi nẹ́ẹ̀tì sí i," ó ní. "Ẹ̀fọn pọ̀ níhà yẹn."